Bí a ṣe lè máa fi íápíìsì gbọ́ nǹkan láìba etí jẹ́

Ohùn tó tẹ́ yín lọ́rùn nínú yàrá ní aago márùn-ún ìdájí kì í tó nǹkan mọ́ tí ẹ bá fi máa jókòó sínú dánfó tó ń lọ sí Ojúẹlẹ́gbà. Orin kan náà ni, fóònù kan náà, íápíìsì kan náà. Ohun tó yí padà ni ẹ́ńjìnnì tó ń ké nítòsí ẹsẹ̀ yín, kọ̀ńdọ̀ tó ń pe èrò lẹ́nu ọ̀nà, àti họ́ọ̀nù tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ á lọ sí bọ́tìnnì. Nígbà tí ẹ bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ohùn á ti wà lókè pátápátá, ẹ ò sì ní rántí dá a padà.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ èyí ni pé ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ etí sábà máa ń dà bí ìbáwí: ẹ dín ohùn kù, ẹ yé gbọ́ orin jù. Ìbáwí kò ran ẹni tó wà nínú dánfó lọ́wọ́. Ariwo tó bá níbẹ̀ ló fẹ́ borí, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ariwo. Nítorí náà, ibi tí mo ti máa pẹ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni bí a ṣe lè dá ariwo òde dúró kó má wọlé, kí ohùn kékeré lè tó wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní dB. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ ITU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé jọ gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin. Ìlànà náà ni pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó wà ní 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 dB ni, fún wákàtí 40 yẹn náà.

Ibi tó ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé tí ohùn bá fi 3 dB péré lé sí i, agbára tó ń wọ etí ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fara dà á á sì dín kù sí ìdajì. Ní 80 dB, ẹ ní wákàtí 40. Ní 83 dB, ó di 20. Ní 86, ó di 10. Ní 89, wákàtí 5 péré. Tó bá fi máa dé 100 dB, àkókò tí ẹ ní fún odindi ọ̀sẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 25. Orin mẹ́fà tàbí méje, ó tán. Ohùn 100 dB kì í ṣe nǹkan àrà rárá. Ọ̀pọ̀ íápíìsì lè dé ibẹ̀ tí ẹ bá ṣí i dé òpin.

Kì í ṣe orin nìkan ni ìṣirò yìí ń kà. Ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé, sípíkà òde àríyá tí ẹ lọ lọ́jọ́ Sátidé, inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ti ń náwó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà láti àárọ̀, tó tún wá ki íápíìsì bọ etí ní ìrọ̀lẹ́, ti ná púpọ̀ kó tó tẹ orin àkọ́kọ́.

Ta ló ń san owó yìí? Nínú etí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìlù etí, ihò kékeré kan wà tó lọ́ mọ́ra, omi ló kún inú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun bí 15,000 ló tò síbẹ̀ nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ. Ariwo á kọ́kọ́ mú kó rẹ̀ wọ́n; tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n lè gbérí. Tí ariwo bá le jù tàbí tó pẹ́ jù, wọ́n á kú. Tí ti adìyẹ bá kú, òmíràn máa ń hù. Tiwa kì í hù mọ́, kò sì tíì sí oògùn tí dókítà lè kọ fún yín tó máa mú un hù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ìpele ìdájí yín

Ẹ ti lè gbọ́ òfin 60-60: ohùn kò gbọdọ̀ kọjá 60 nínú 100, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọjá 60 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Kò burú, ṣùgbọ́n 60 orí fóònù kan kì í ṣe 60 orí òmíràn. WHO fúnra rẹ̀ sọ pé tí wọ́n bá ṣí àwọn ẹ̀rọ yìí dé òpin, ohùn wọn lè bọ́ síbikíbi láàárín 75 sí 136 dB. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wá nọ́ńbà tó jẹ́ tiyín gan-an.

Ẹ jí ní ìdájí kí àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pa fáànù. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, kí ẹ sì dá ohùn padà sí òdo. Ẹ wá nǹkan tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, bí ìròyìn, ìwàásù tàbí pọ́díkáàsì. Ẹ má lo orin, torí pé orin máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìsapá. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì láti òdo. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ìpele 15, iPhone ní 16, nítorí náà ó lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ni mo ń pè ní ìpele ìdájí. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin, ẹ lè fi ìpele kan tàbí méjì lé e. Íápíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ o. Tí ẹ bá ra tuntun, ẹ tún un wá. Lẹ́yìn èyí, ìgbàkígbà tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ yín ti fi ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbé e kọjá ìpele ìdájí, ẹ mọ̀ pé ariwo àyíká ti ń wọlé sí yín létí. Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ẹ nílò nígbà náà.

Ọ̀nà kúkúrú wà fún ẹni tí kò ráyè jí ní ìdájí. Ẹ yọ íápíìsì létí láìpa orin, kí ẹ na ọwọ́ yín síwájú tán. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà ketekete láti ibẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Tí ẹni tó jókòó tì yín bá lè bá yín kọrin náà, ó ti pọ̀ jù. Tí ẹnì kan bá bi yín ní nǹkan, tí ẹ sì fi igbe dá a lóhùn láìmọ̀, ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí fóònù bá yín ṣọ́ ọ

Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Sounds & Haptics, lẹ́yìn náà Headphone Safety. Ẹ tan Reduce Loud Audio. Ìlà kan á jáde tí ẹ lè fà láti 75 dé 100 dB. Ẹ fà á sí 80 tàbí 85. Láti ìsinsìnyí lọ, ohùn tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, fóònù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tún máa ń ṣírò gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ láàárín ọjọ́ méje, á sì kìlọ̀ tó bá ti tó 80 dB fún wákàtí 40.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Fóònù náà lè wọn íápíìsì Apple àti Beats dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá so èyí tí ẹ rà ní Computer Village mọ́ ọn, àfojúbù ló kù. Nígbà míì, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé inú etí ni nǹkan náà wà. Ó lè rò pé sípíkà ni. Ẹ lọ sí Bluetooth nínú Settings, ẹ tẹ lẹ́tà i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Device Type, kí ẹ yan Headphone.

Lórí Samsung, inú Settings ni ẹ ti máa rí Sounds and vibration, lẹ́yìn náà Volume. Ẹ tẹ àmì róbótó kéékèèké mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan Media volume limit, kí ẹ sì fà á dúró síbi ìpele ìdájí pẹ̀lú méjì lórí rẹ̀. Fún àwọn fóònù Android yòókù, àwọn tó ń ṣe wọ́n ń gbé e sí oríṣiríṣi ibi. Ẹ tẹ "volume" sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, ẹ ó rí ohun tí tiyín ní. Tí tiyín kò bá ní kankan, ìkìlọ̀ tó máa ń jáde lójú fóònù nígbà tí ẹ bá ń gbé ohùn sókè jù ṣì wà. A ti sọ ọ́ di àṣà láti tẹ OK kí a tó kà á tán.

Ẹ yọ gbogbo áàpù tó ń ṣèlérí láti mú ohùn fóònù lé sí i. Ẹ ṣọ́ra fún VLC tí a fi ń wo fíìmù náà: áàpù tó wúlò ni, ṣùgbọ́n ó lè gbé ohùn kọjá 100. Fíìmù tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tó rẹlẹ̀ ló sábà máa ń sún èèyàn débẹ̀, tí orin tó tẹ̀ lé e á sì bú gbàù sí i létí. Ní Spotify, ẹ wá Volume level nínú Settings rẹ̀, ẹ má fi sí Loud. Normal tó, Quiet sì sàn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dí ihò etí kí ariwo má wọlé

Ibí ni mo ti ní kí ẹ náwó, tí ẹ bá máa náwó rárá.

Oríṣi íápíìsì kan wà tó kàn jókòó sẹ́nu etí, tí kò ní rọ́bà. Kò dí nǹkan kan. Gbogbo ariwo òde ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, orin yín sì ní láti kígbe borí wọn. Nínú ilé tó dákẹ́, kò sí wàhálà. Nínú ọkọ̀, òun ló burú jù nínú gbogbo wọn.

Oríṣi kejì ní rọ́bà rírọ̀ lórí, ó sì ń wọ inú ihò etí. Ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé tòun ò dára, rọ́bà tí kò bá etí rẹ̀ mu ni. Rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí: kékeré, àárín, ńlá. Àárín ni wọ́n máa ń fi sórí rẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ju ìyókù nù pẹ̀lú páálí. Ẹ gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Etí ọ̀tún àti etí òsì lè máà lo oríṣi kan náà. Ẹ fi ọwọ́ kan gba ẹ̀yìn orí wá láti fa òkè etí sókè díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ti íápíìsì wọlé, kí ẹ wá fi etí sílẹ̀. Tó bá ti dí, ohùn ara yín á yí padà nígbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀, á dà bíi pé inú àgbá ni ẹ wà, ìlù ńlá inú orin á sì jáde dáadáa. Tí ìlù ńlá yẹn bá ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì dí. Ẹ má gbé ohùn sókè. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà.

Hẹ́dífóònù ńlá tó bo gbogbo etí náà dára, pàápàá fún ẹni tí inú etí rẹ̀ máa ń yún tàbí tó tètè máa ń dọ̀tí. Kó ṣáà jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pa dé. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò ń jẹ́ kí ariwo wọlé ni; àwọn tó ń ṣe àtúntò orin ní yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ooru ìlú wa nìkan ni ìṣòro hẹ́dífóònù ńlá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tó ń pa ariwo, tí wọ́n máa ń kọ ANC sí páálí wọn. Gbohùngbohùn kékeré inú wọn ń gbọ́ ariwo òde, wọ́n sì ń dá ìró mìíràn tó lòdì sí i pátápátá jáde, kí méjèèjì lè pa ara wọn. Ariwo tó rẹlẹ̀ tí kì í yí padà ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa jù: jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ amúlétutù. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa họ́ọ̀nù, igbe kọ̀ńdọ̀ tàbí ọmọ tó ń sunkún. Fún ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí tó ń wọ ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, mo rò pé owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti tan ANC, tí ariwo sì ti lọ, ẹ dá ohùn padà sí ìpele ìdájí. Ẹni tó ra ANC tó sì ń gbọ́ orin bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ti ra ìgbádùn. Kò tíì ra ààbò.

Wọ́n ń ta oríṣi kan báyìí tí kì í wọ etí, tó ń gba orí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé ohùn wọlé. Àwọn tó ń tà á máa ń ní kò lè ba etí jẹ́ torí kò kan ìlù etí. Òótọ́ ni pé kò kan ìlù etí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun kan náà ni ohùn ọ̀hún ń lọ. Ohun tó dára fún ni kí ẹni tó ń sáré lẹ́bàá títì lè gbọ́ ọkọ̀.

Èyí mú mi dé orí títì. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa dídí etí, inú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà ni, tàbí inú ilé. Ẹ yọ méjèèjì tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, tàbí tí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ó ṣe máa lò ó lójoojúmọ́

Etí kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi íápíìsì sí etí kan kí a lè máa gbọ́ ará ọ́fíìsì tàbí ọmọ ilé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àyàfi pé orin tó yẹ kó pín sí etí méjì máa ń dín, èèyàn á sì gbé ohùn sókè láti dí i. Ẹ wá Mono audio nínú Accessibility, ẹ tan án. Gbogbo orin á wọ etí kan yẹn. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ etí.

Fọ́ìsì nóòtì WhatsApp ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù. Ẹ̀gbọ́n yín gbà á sílẹ̀ ní ọjà pẹ̀lú ọwọ́ lórí ẹnu fóònù, ẹ gbé ohùn dé 13 kí ẹ lè gbọ́ ọ, ó parí, ẹ padà sórí orin, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 13. Tí fọ́ìsì nóòtì kò bá dún, ẹ fi fóònù gan-an sẹ́bàá etí bí ẹni ń gba ìpè, tàbí kí ẹ dúró dé ibi tó dákẹ́. Ìpè gígùn nínú bọ́ọ̀sì náà rí bẹ́ẹ̀. "Mo wà nínú ọkọ̀, mo máa pè yín padà" kò já sí àfojúdi sí ẹnikẹ́ni.

Alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ké ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti ara yín ni, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ nìkan ti tó ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti aládùúgbò, tó sì jẹ́ pé oorun ni ẹ ń wá, rọ́bà ìdíwọ́-etí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ máa ń lò, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ńlá, á ṣe yín láǹfààní ju orin lọ. Tí ẹ kò bá lè sùn láìgbọ́ nǹkan, ẹ ṣètò aago tó máa pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó sùn lọ pẹ̀lú íápíìsì létí ti ná wákàtí mẹ́fà tí kò gbádùn rárá.

Ìsinmi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ yọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá ti òde àríyá dé, tí etí yín ń hó tàbí tó dà bíi pé wọ́n fi òwú dí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ti rẹ̀. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má ki íápíìsì bọ̀ ọ́ títí yóò fi lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé gbígbọ́ tó padà bọ̀ sípò kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ti àwọn ọmọdé

75 dB ni tiwọn. Hẹ́dífóònù ọmọdé tí wọ́n kọ 85 dB sí lára páálí ṣì kọjá ibẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sí etí tiyín kí ẹ tó gbé e fún ọmọ. Ẹ ṣètò òpin ohùn sórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lórí iPhone àti iPad, ẹ lè lo Screen Time láti fi nọ́ńbà àṣírí ti ìṣètò ohùn kí ọmọ má lè yí i padà. Sípíkà kékeré lórí tábìlì dára ju íápíìsì lọ fún ọmọ tó ń wo kàtúùnù nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà á gbọ́ orin kan ṣoṣo yẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ìmọ́tótó

Ìdọ̀tí etí kì í ṣe ẹ̀gbin. Ara ló ń ṣe é láti dáàbò bo ihò etí, bí a sì ṣe ń jẹun, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ tó ń bọ̀, ó ń rọra jáde fúnra rẹ̀. Íápíìsì tó ń wọ inú etí fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè tì í padà. Kọ́tìn bọ́ọ̀dù ń tì í padà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má tíì sọ ti ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná, ìdérí báírò àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Tí ìdọ̀tí bá dí ihò, ohùn á rẹlẹ̀, ẹ ó gbé fóònù sókè, ẹ ó sì rò pé íápíìsì ló ti bàjẹ́.

Aṣọ tútù níta etí ti tó. Tó bá dí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá yín yọ ọ́. Ẹ má da àdín tàbí epo gbígbóná sí i, pàápàá ẹni tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún rí, torí ihò lè wà lára ìlù etí. Rọ́bà orí íápíìsì, ẹ máa yọ ọ́ fọ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ihò kékeré tí ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀, bọ́rọ́ọ̀ṣì eyín gbígbẹ tó rọ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má yá ẹlòmíràn lò tí ẹ̀yin tàbí òun bá ní egbò etí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́

Ewu kan wà tó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá ní pàtàkì, n kì í sì í rí i kí wọ́n sọ ọ́. Ariwo kì í ba gbogbo gbígbọ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó kọ́kọ́ máa ń jẹ ni ibi tí etí ti ń gbọ́ ìró tín-ín-rín, láàárín 3,000 sí 6,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Àgbègbè yẹn náà ni púpọ̀ nínú ìró f, s, ṣ, t àti k wà. Ṣùgbọ́n ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ èdè wa, ìró ọ̀fun tó rẹlẹ̀ ló ń gbé wọn. Wọ́n kì í tètè bàjẹ́.

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin yìí: Ó kà á. Ó tà á. Ó fà á. Ó ṣà á. Ohùn kan náà ni wọ́n gbé, fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹni tí ariwo ti jẹ etí rẹ̀ á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbọ́ dùndún láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní láti fi ohun tí wọ́n ti ń bá bọ̀ tẹ́lẹ̀ méfò ìyókù. Torí a mọ̀ ọ́n méfò, tí a sì mọ òwe tí àgbà fẹ́ pa kó tó parí rẹ̀, ọdún lè gorí ọdún kí èèyàn tó mọ̀ pé òun kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ibi tó ti máa ń hàn ni orúkọ àjèjì lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àti ibi ayẹyẹ tí ẹni mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti ń sọ pé "gbogbo wọn kàn ń kùn lẹ́nu ni," ẹ lọ yẹ etí wò.

Àwọn àmì yòókù rọrùn: etí tó ń hó nígbà tí ilé dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará ilé ń sọ pé ó ti pọ̀ jù, ìpele ìdájí tó ti kúrò ní 5 di 8 láìpààrọ̀ fóònù tàbí íápíìsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

WHO ní áàpù kan tí wọ́n ń pè ní hearWHO, ọ̀fẹ́ ni. Á máa ka nọ́ńbà fún yín nínú ariwo, ẹ ó sì máa tẹ ohun tí ẹ gbọ́. Ó dára láti fi mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà, ṣùgbọ́n kò rọ́pò àyẹ̀wò. Fún àyẹ̀wò gidi, ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, UITH ní Ìlọrin. Ẹ tún lè lọ sí National Ear Care Centre tó wà ní Kàdúná.

Ohun kan kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Tí etí kan bá ṣàdédé dí láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí mẹ́ta, láìsí ọ̀fìnkìn, láìsí omi, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì wà tí wọ́n lè lò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló wúlò jù, bó bá sì ṣe tètè yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ má lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí a ń pè ní jẹ́ńtà lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun fúnra rẹ̀, kíníní náà sì lè mú kí etí máa hó. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ má fi íápíìsì sétí láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má sì lọ síbi ariwo lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú náà. Etí tó ti rẹ̀ á mú kí èsì burú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á gbé yín sínú yàrá kékeré tó dákẹ́, wọ́n á fi hẹ́dífóònù sí yín létí, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó. Èsì rẹ̀ á jáde lórí ìwé tí wọ́n ya ìlà sí. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ 4,000 Hz sí: tí ìlà bá ṣàdédé já wálẹ̀ níbẹ̀, tó tún gòkè díẹ̀ ní 8,000, iṣẹ́ ariwo ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé náà pẹ̀lú nọ́ńbà ìpele ìdájí yín, kí dókítà lè rí ohun tó máa fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.